Láwàní Àlàájì Ẹlẹ́yin

Bí ẹ bá kọjá níwájú ilé ìwé jẹ́léósinmi kan ní Hanwa, nílùú Zaria, lásìkò tí wọ́n bá tú àwọn ọmọ sílẹ̀ láti ṣeré, ẹ ó gbọ́ orin kan lẹ́nu wọn. Báyìí ni ó lọ:

Bàbá Ẹlẹ́yin gun ògiri,
Ògiri ní òun ò gbà.
Bàbá Ẹlẹ́yin ré bọ́, gbì,
Láwàní tú dé Kàdúná.
Ẹṣin dé, wọn ò rí i wé,
Ẹ̀ṣọ́ dé, wọn ò rí i wé,
Orí ń dán, orí ń yọ̀,
Orí bí ẹyin awó.

Àwọn òbí tó ń wá kó ọmọ rò pé orin àtayébáyé ni, pé láti ilé ni ẹnì kan ti mú un wá. Olùkọ́ yunifásítì kan láti Samaru tilẹ̀ sọ fún mi pé ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀, pé ìjọba ni ògiri yẹn dúró fún. Mo ní kò dúró fún ìjọba. Ògiri ni. Èmi Sàlíhù tí mò ń ta ike àti garawa ní Sabon Gari, èmi ni mo di àga mú tí ẹni náà fi gùn ún.

Ẹni náà ni Àlàájì Fàtíù Ọlánípẹ̀kun. Ìlọrin ni bàbá rẹ̀ ti wá sí Zaria, Sabon Gari ni wọ́n bí òun sí, ìsọ̀ rẹ̀ àti tèmi sì fara kan ara. Ẹyin ló ń tà, kírétì lórí kírétì títí dé àjà. N kò ní purọ́ fún yín, ó sanra. Ó sanra láti ọrùn dé orúnkún, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wá kéré bí ẹni pé ó yá wọn lò ni. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Irun kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Ó rí róbótó nísàlẹ̀, ó ṣóńṣó díẹ̀ lókè, ó sì ń dán. Bí ó bá jókòó sáàárín ọjà rẹ̀, oníbàárà tí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa lè kọ́kọ́ kí kírétì kó tó kí i.

Ní bí oṣù kan ṣáájú Iléyá, àwọn ẹlẹ́yin Sabon Gari àti ti Kwangila ṣèpàdé pé àwọn fẹ́ ní olórí. Ènìyàn méjì ló du oyè náà. Nígbà tó yá, ẹnì kejì fi ẹyin sílẹ̀, ó ń ta táyà, oyè sì bọ́ sọ́wọ́ Àlàájì. Wọ́n pè é ní Sarkin Kwai, ìyẹn ọba àwọn ẹlẹ́yin lédè Háúsá, wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọn yóò wé láwàní fún un. Ọ̀túnla ọjọ́ náà ni Iléyá.

Málàm Audu, ọ̀gá nínú iṣẹ́ láwàní wíwé, ni wọ́n pè. Aṣọ funfun yáàdì méjìlá, wọ́n ti fi sitáàṣì sí i, ó le gan-an. Málàm Audu wé e fún bíi wákàtí kan àtààbọ̀. Ó ń wé, ó ń mí kanlẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń wé e, nítorí gbogbo ibi tó bá fi aṣọ lé lórí yẹn ló ti ń yọ̀. Nígbà tó parí, ó nu òógùn, ó ní òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà èwe òun, òun kò rí irú orí báyìí rí. Àlàájì gbà pé oríyìn ni.

Lẹ́yìn náà ni Málàm Audu sọ pé òun ń lọ sí Kánò lọ ṣọdún.

Àlàájì bi í pé, "Bí mo bá tú u sílẹ̀ ní alẹ́, ta ni yóò tún un wé fún mi láàárọ̀?"

Málàm Audu ní, "Sai na dawo. Ó dìgbà tí mo bá dé."

Àlàájì pinnu pé òun kò ní tú u. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ láwàní náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá ń ṣe àlùwàlá, yóò ti ìka bọ abẹ́ aṣọ lọ pa orí. Bó bá fẹ́ wọ mọ́tò, yóò kọ́kọ́ tẹ orúnkún kó tó wọlé. Hàwáù ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé ìjókòó ni ọkọ òun ń sùn, pé ó ń fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò ní gáréèjì.

Ní ọjọ́ kejì Iléyá, àwọn ẹlẹ́ṣin máa ń gun ẹṣin yí inú ìlú àtijọ́ ká. Àlàájì ní òun ń lọ. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun, kí n sì gbé àga kan dání.

Mo ní, "Àlàájì, a lè dúró lójú ọ̀nà bí àwọn yòókù."

Ó ní, "Sàlíhù, tí mo bá dúró lójú ọ̀nà, èmi ni n ó rí wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi."

A mú Ramlah ọmọ ọmọ rẹ̀ dání, ọmọ ọdún márùn-ún. Nígbà tí a débẹ̀, èrò ti kún. Àlàájì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá rí ògiri alámọ̀ kan tó ga ju orí mi lọ díẹ̀. Ẹni tó ni ín jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tó máa ń ra ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá náà wo Àlàájì láti òkè dé ilẹ̀, ó wo ògiri.

Ó ní, "Àlàájì, ewúrẹ́ ni mo mọ ògiri yìí fún."

"Ewúrẹ́ ń gùn ún ni?"

"Rárá o. Kí wọ́n má baà wọlé ni."

Àlàájì ní, "Ṣé wọ́n ti wọlé rí?"

"Wọn kò wọlé rí."

"Ó lágbára nìyẹn."

Bàbá onílé ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Èmi di àga mú, òun tì í ní ìdí, ọkùnrin méjì tí wọ́n ń kọjá lọ bá wa ki èjìká bọ ọ́ lábẹ́. A tì í, a sinmi, a tún tì í. Nígbà tó jókòó sókè tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ kéékèèké wá ń mì nínú afẹ́fẹ́, láwàní náà sì funfun lókè bí ìgbà tí òṣùpá bá jáde lọ́sàn-án. Mo gbé Ramlah sí èjìká mi.

Kò pẹ́ tí ẹṣin fi ń dé. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń wọ ẹṣin láṣọ, pupa, àwọ̀ ewé àti wúrà, tí ìlẹ̀kẹ̀ sì ń ró ní ọrùn wọn. Àwọn tó gùn wọ́n ń na ìkúùkù sókè láti kí èrò. Ẹlẹ́ṣin àkọ́kọ́ na tirẹ̀ sí gbogbo èrò. Àlàájì na tirẹ̀ padà.

Ó wò mí nísàlẹ̀, ó ní, "Sàlíhù, o rí i? Ó dá mi mọ̀."

Ẹlẹ́ṣin kejì tún kí èrò. Àlàájì tún dáhùn, ó sì bi mí bóyá mo rí ti ìyẹn náà. Mo ní mo rí i. Lẹ́yìn náà ni ẹlẹ́ṣin méje dé lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn na ìkúùkù pọ̀. Ọ̀wọ̀ yìí pọ̀ jù fún ọwọ́ kan. Àlàájì na ọwọ́ méjèèjì, ó gbé àyà sókè, ó sì fẹ́ tẹ ara rẹ̀ síwájú láti kí wọn bí ọba ṣe ń kí ọba.

Ògiri náà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ dà sí mi lójú. Mo gbójú sókè láti sọ fún un, mo rí i pé kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ mọ́, nítorí ó ti ń bọ̀.

Etí láwàní kọ́ sára ìṣó kan tí onílé so okùn ìsáṣọ mọ́. Nítorí náà, Àlàájì kò kàn ré bọ́ bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni ó ń yí bí òkòtó bó ti ń sọ̀kalẹ̀, yáàdì méjìlá ń tú tẹ̀ lé e. Àánú Ọlọ́run ni pé koríko ẹ̀pà tí wọ́n kó jọ fún àwọn àgbò wà nísàlẹ̀. Orí koríko náà ló bọ́ sí. Ó ró gbì. Àgbò kan tó ń jẹun lọ́wọ́ gbé ẹnu kúrò, ó wò ó, ó sì lọ jẹun lápá kejì.

Gbogbo ẹṣin dúró. Àwọn ẹlẹ́ṣin ti rí láwàní, wọ́n rò pé olóyè ńlá kan ló ṣubú. Ẹ̀ṣọ́ ọba mẹ́rin bọ́ sílẹ̀ lórí ẹṣin, wọ́n sáré wá, wọ́n gbé e jókòó, wọ́n gbọn koríko kúrò lára rẹ̀. Ọ̀kan kúnlẹ̀, ó bi í pé irú oyè wo ni ó jẹ.

Àlàájì ní, "Sarkin Kwai."

Ẹ̀ṣọ́ náà wo ẹnì kejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni wọ́n, wọ́n ní olóyè kì í fi orí lásán jókòó láàárín ìta. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ká aṣọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé e. Ó wé e dé agbedeméjì, ó yọ̀ bọ́ sí ọrùn Àlàájì. Ẹnì kejì gbà á, ó wé e tagbáratagbára, ó fò kúrò lórí bí ìdérí ìgò. Ẹnì kẹta ní kí wọ́n gba abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ kọjá, Àlàájì wá rí bí ẹni tí eyín ń dùn. Ẹlẹ́ṣin kan tẹ̀ láti orí gàárì, ó fi ìka kan tẹ orí náà mọ́lẹ̀ lókè kí ẹ̀ṣọ́ kẹrin lè ráyè wé e. Ibẹ̀ ni ẹṣin rẹ̀ ti gbé ẹnu kan aṣọ. Sitáàṣì náà dùn mọ́ ọn. Kí a tó mọ̀, ó ti jẹ ẹ́ wọlé tó bí ìdajì yáàdì.

Èrò tó wà lẹ́yìn ń pariwo pé kí ẹṣin máa lọ. Ẹ̀ṣọ́ àgbà náà fa aṣọ yọ lẹ́nu ẹṣin, ó ká a, ó fi lé Àlàájì lọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ó ní, "Baba, wannan kai ba na rawani ba ne. Orí yìí kì í ṣe orí láwàní. Ẹ máa dé fìlà."

Wọ́n gun ẹṣin, wọ́n lọ. Mo bọ́ fìlà mi, mo fi dé Àlàájì lórí. Kò wọlé ju bí ìdérí ṣe ń wọ ẹnu ìgò lọ. Láwàní, inú báàgì ọ̀rá ni a fi gbé e délé.

Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó bá mi sọ̀rọ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀. "Sàlíhù, bí wọ́n bá bi wá, mo sọ̀kalẹ̀ láti lọ kí àwọn ẹlẹ́ṣin ni. Ooru ló jẹ́ kí n tú láwàní."

Mo ní, "Ó dára, Àlàájì." Ohun tó sọ fún Hàwáù nìyẹn, ohun tó sì sọ fún àwọn ẹlẹ́yin nìyẹn. Bí wọ́n bá bi mí, mo máa ń ní yẹ̀pẹ̀ bọ́ sí mi lójú, èyí tí kì í ṣe irọ́. Ohun tí àwa méjèèjì gbàgbé ni pé yẹ̀pẹ̀ kò bọ́ sí Ramlah lójú.

Nílé ìwé Ramlah ní Hanwa, olùkọ́ kan wà tó ń jẹ́ Beulah, ọmọ Kàbà. Nítorí pé Háúsá ló yọ̀ mọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ lẹ́nu ju èdè bàbá wọn lọ, àwọn òbí bẹ̀ ẹ́ kó máa kọ́ wọn ní Yorùbá lọ́jọ́ Jímọ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé lẹ́yìn ọdún, ó ní kí olúkúlùkù sọ gbólóhùn kan nípa Iléyá. Ọ̀kan ní òun jẹ ẹran. Èkejì náà ní òun jẹ ẹran. Ramlah dìde, ó ní, "Bàbá mi gun ògiri, ògiri ní òun ò gbà."

Kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ nípa ẹran mọ́. Nígbà tí agogo fi máa lù, wọ́n ti mọ ìtàn náà délẹ̀, wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ ní ibi tó ti ró gbì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, orin dé Kwangila. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó ń kó àwọn ọmọ náà ló gbé e débẹ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wá ra kírétì méjì lọ́wọ́ Àlàájì. Bó ti ń gbé ẹyin wò lójú oòrùn, ó ń kọrin náà jẹ́ẹ́jẹ́, kò sì mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ mọ́ ló dúró níwájú òun. Àlàájì fi etí sílẹ̀ títí dé "Orí bí ẹyin awó." Ó ti ìsọ̀, ó ní kí n dìde.

Àǹtí Beulah kúnlẹ̀ kí wa lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ọ̀nà."

Àlàájì ní, "Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Mo wá tún orin kan ṣe."

Wọ́n gbé àga fún un níwájú àwọn ọmọ. Bí ogún ọmọ ni wọ́n, gbogbo wọn ń wo orí rẹ̀. Àǹtí Beulah kọ orin náà sí ara pátákó.

Àlàájì ní, "Àkọ́kọ́, n kò ré bọ́. Mo sọ̀kalẹ̀ ni."

Àǹtí Beulah pa á rẹ́, ó kọ sọ̀kalẹ̀. Àwọn ọmọ dán an wò: Bàbá Ẹlẹ́yin sọ̀kalẹ̀, gbì.

"Ẹ yọ gbì kúrò."

Ayọ̀délé, ọmọkùnrin kan níwájú, ní, "Bí a bá yọ gbì, ibo la ó ti máa fẹsẹ̀ lulẹ̀?"

Àlàájì rò ó, kò rí ibòmíràn tí wọn yóò ti máa lù ú. Ó ní kí wọ́n fi gbì sílẹ̀ ná. "Èkejì, ẹṣin kì í wé láwàní. Ẹṣin kò lọ́wọ́."

Ayọ̀délé ní, "Ohun tó jẹ́ kí wọn má rí i wé nìyẹn."

Mo wo ojú fèrèsé. Àlàájì kọjá sí ẹ̀kẹta. Ó ní kí wọ́n fi orí òun wé ẹyin, òun kò bínú, ẹyin ló ń bọ́ òun. Ṣùgbọ́n ẹyin awó kéré. Ẹni tó bá rí orí òun tó pè é ní ẹyin awó, ẹni náà kò mọ ọjà.

Àǹtí Beulah mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. "Ẹyin wo ni kí a fi sí i, sà?"

"Tòlótòló."

Wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú tòlótòló. Ó gùn jù. Àwọn kan ti parí, àwọn kan ṣì wà ní tòló kejì. Àlàájì fúnra rẹ̀ fi ìka lu tábìlì, ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ohùn ìsàlẹ̀. Níkẹyìn ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ dá awó padà."

Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ nawọ́. Háúsá ló kọ́kọ́ fi béèrè, Àǹtí Beulah ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó ronú díẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ó dùn yín?"

Mo wá rántí pé láti ọjọ́ náà, Hàwáù ti béèrè ibi tí láwàní wà. Àwọn ẹlẹ́yin ti béèrè bóyá àwọn ẹlẹ́ṣin dá a mọ̀. Onílé ti béèrè ẹni tí yóò tún ògiri òun mọ. Èmi tí mo dúró níbẹ̀, fìlà mi ni mo béèrè. A kò tíì bi í ní ohun tí ọmọ yìí bi í.

Àlàájì wo ọwọ́ rẹ̀. "Ó dùn mí," ló wí. "Ìdí mi ló dùn mí jù."

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ní, "Nígbà tí ẹ sọ̀kalẹ̀?"

"Nígbà tí mo ré bọ́."

Àǹtí Beulah yí padà, ó pa sọ̀kalẹ̀ rẹ́, ó kọ ré bọ́ sí ipò rẹ̀. Àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́kọ̀ọ̀kan wá kí i ní pẹ̀lẹ́. Gbogbo wọn ló ń fọwọ́ pa orí náà bí wọ́n ti ń kọjá. Ayọ̀délé fi etí lé e, ó fi ìka kàn án, ó gbọ́ bó ṣe ró.

Àlàájì fi dá a lójú. "Kò sán."

Málàm Audu dé láti Kánò, ó ní òun ti ṣetán láti tún un wé. Àlàájì ní kó má ṣe wàhálà. Fìlà ló ń dé báyìí, ó sì ń dùbúlẹ̀ sùn.

Nígbà tí sáà ìwé parí, wọ́n ṣe àjọ̀dún nílé ìwé, wọ́n sì fi Àlàájì ṣe alága. Èmi àti Hàwáù jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì Àǹtí Beulah fẹ́ fi orin náà ṣeré. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ni wọ́n fi ṣe Bàbá Ẹlẹ́yin. Wọ́n ki ìrọ̀rí bọ abẹ́ aṣọ rẹ̀, wọ́n fa ìbọ̀sẹ̀ funfun lé e lórí, wọ́n gbé e jókòó sórí tábìlì gíga kan tí wọ́n ya bíríkì sí lára, wọ́n sì tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún un. Ayọ̀délé àti àwọn márùn-ún mìíràn ni ẹṣin.

Wọ́n kọrin dé gbì. Gbogbo gbọ̀ngàn fẹsẹ̀ lulẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ jókòó síbẹ̀.

Wọ́n tún un kọ. Wọ́n tún lulẹ̀. Ọmọ náà ń wo iwájú, ó ń mi ẹsẹ̀.

Àǹtí Beulah sún mọ́ ọn. "Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ré bọ́ báyìí. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀."

"N ò fẹ́."

Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Alága dìde lórí àga rẹ̀, ó lọ bá a. Mo rò pé ó fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń ré bọ́ fún un ni, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ.

Ó ní, "Kí ló dé, ọmọ mi?"

Ọmọ náà ní, "Ibí dáa. Mo ń rí màmá mi. Gbogbo èèyàn ń wò mí."

Àlàájì yíjú sí Àǹtí Beulah. "Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ bó ṣe ń rí."

Ayọ̀délé bi í pé kí wá ni kí àwọn ẹṣin ṣe. Ó ní kí wọ́n máa sáré lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sáré yí tábìlì ká, tí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ń na ìkúùkù sí wọn lókè, títí wọ́n fi gbé ìrẹsì jáde. Ìyá rẹ̀ nawọ́ abọ́ tirẹ̀ sí i. Ó yọ ìrọ̀rí kúrò lábẹ́ aṣọ, ó gbé e lé itan, ó gbé abọ́ lé e lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.